Igi Búlúbẹ́rì Mẹ́fà Lẹ́yìnkùlé Verna

Nígbà tí Corinne Estlow jáde lẹ́wọ̀n, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Bọ́ọ̀sì ló gbé e dé oríta, ó sì fẹsẹ̀ rin máìlì méjì tó kù dé ilé ìyá rẹ̀ nínú igbó páìnì, òun àti àpò bébà kan tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí. Oṣù kẹta ọdún 1996 ni. Yìnyín ti yọ́ kúrò lójú ọ̀nà, àmọ́ ó ṣì kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi. Kò sí bó ṣe lè délé láìgba iwájú ilé àwọn Headley kọjá. Ó sorí kọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀, ó yára rìn, kò sì gbójú sókè títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà tiwọn.

Ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n kì í ṣe àdììtú fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, lọ́dún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà. Òun àti Ruthanne Headley ló wà nínú ọkọ̀. Ruthanne yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Alvah Headley àti Idella ìyàwó rẹ̀ bí, òun àti Corinne sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì lè so okùn bàtà ara wọn. Corinne ló ń wakọ̀. Ó ti mu bíà mẹ́rin, ó sì ti fi ọtí líle lé e. Ọkọ̀ já kúrò lójú títì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ruthanne jókòó sí gbá igi. Eegun èjìká Corinne kán. Ruthanne kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Adájọ́ sọ Corinne sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ó lo mẹ́rin àti oṣù méje, wọ́n ní ó hùwà dáadáa, kó máa lọ sílé.

Ilé náà ló wá dé yìí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí iwájú orí rẹ̀ ti ń hewú. Verna ìyá rẹ̀ kò dì mọ́ ọn, kò sì lé e. Ó ní ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù, ó ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí. Àrùn oríkèé ti ká ìka ọwọ́ obìnrin náà bí èékánná àwòdì, kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́, kò sì lè di bọ́tìnnì ara rẹ̀. Corinne ń bá a dì í láràárọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ bí àlejò méjì tí òjò ká mọ́ abẹ́ òrùlé kan.

Ó wá iṣẹ́ lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti ń di búlúbẹ́rì, èso wẹ́wẹ́ kan, sínú páálí, níbi tó ti ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá ibẹ̀ kò bínú sí i. Ó kàn sọ fún un pé ìdajì àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n ti sin Ruthanne, òun ò sì lè fi í sí àárín wọn. Níkẹyìn ó ríṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé àwọn arúgbó kan ní ìlú kejì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ, torí wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, Verna ṣàdédé sọ pé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń ká búlúbẹ́rì, oko olóko lòun sì ti ká gbogbo rẹ̀. Òun ò ní igi kan ṣoṣo rí lẹ́yìnkùlé ara òun. Nísinsìnyí tọ́wọ́ òun ò lè ká nǹkan kan mọ́, ó wá ń wu òun kóun máa rí i láti ojú fèrèsé. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ Corinne lára. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè nǹkan kan tó lè ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gba owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta igi lẹ́bàá títì ńlá, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ra igi búlúbẹ́rì mẹ́fà, ó sì san owó fún ọlọ́kọ̀ kan kó bá òun gbé e wálé. Lọ́jọ́ kejì ó gbẹ́ ihò mẹ́fà sídìí ògiri, lábẹ́ fèrèsé ìyá rẹ̀ gan-an. Ihò tó jìn ló gbẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ ri òpó mọ́lẹ̀. Ó ti igi bọ̀ ọ́, ó fẹsẹ̀ kì í, ó wá kó eérú inú sítóòfù dà sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe kábéèjì rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mọ èso dì sí páálí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mọ bó ṣe ń hù.

Ẹni tó mọ bó ṣe ń hù ni Alvah Headley. Ogójì ọdún ló fi ṣe olórí àwọn agbìngi ní oko ńlá kan, kò sì sí ẹni tó lè ka iye igi tó ti tọwọ́ rẹ̀ wọlẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, òun àti ajá rẹ̀ kan tó ti dàgbà máa ń rìn kọjá níwájú ilé Verna lọ síbi àpótí lẹ́tà ní oríta. Látìgbà tí Corinne ti dé, ó ti ń yí ojú sí òdìkejì ọ̀nà tó bá dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin tó ti gbin igi náà, Corinne ń mu kọfí lójú fèrèsé, ó rí i tí Alvah dúró lẹ́nu géètì wọn. Kò yí ojú. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ajá rẹ̀ jókòó tì í, ó sì padà lọ sí ibi tó ti wá, láìdé ibi àpótí lẹ́tà. Kò pẹ́ ló tún yọ, ó ń ti bárò bọ̀, fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń túlẹ̀ àti àpò ìdọ̀họ tó tutù wà nínú rẹ̀. Ó ṣí géètì wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ki fọ́ọ̀kì bọ ìdí igi àkọ́kọ́, ó sì hú u.

Verna ní kí ọmọ òun jáde lọ bá a. Corinne gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, kò dìde.

"Ẹ jẹ́ kó hú u," ló wí. "Bó bá fẹ́ hú ilé náà mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó hú u."

Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń retí nǹkan kan láti ilé Headley, ó wá jọ pé ó ti dé, ara sì tù ú díẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń wò ó, ó rí i pé ọkùnrin náà kò ju igi kankan nù. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń gbọn eérú kúrò nídìí rẹ̀, ó ń tò wọ́n sínú bárò, ó sì ń fi àpò tútù bo gbòǹgbò wọn. Nígbà tó hú kẹfà tán, ó wá kan ilẹ̀kùn. Corinne ṣí i. Wọn ò tíì wo ojú ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà ní kóòtù.

"Ta ló ní kó o da eérú sí i?" ni Alvah bi í.

"Bàbá mi ló máa ń—"

"Kábéèjì ni bàbá ẹ ń gbìn." Ó nawọ́ sí ara ògiri. "Ẹfun ara ilé yìí ti ń ṣàn wọ ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ilẹ̀ kíkan ni búlúbẹ́rì ń fẹ́, tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. O wá gbé e sínú ẹfun, o tún fi eérú lé e. Kó tó di àmọ́dún, ewé ẹ̀ á pọ́n bí ojú ẹni tó ní ibà pọ́njú, á sì kú." Ó wo igi inú bárò. "Mi ò fẹ́ kí nǹkan míì tún kú sí ẹ lọ́wọ́."

 Alvah ní kó lọ mú ṣọ́bìrì rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ló mú un lọ, níbi tí àgbàlá ti pàdé igbó. Ó fi búlúbẹ́rì ìgbẹ́ hàn án, tó hù lábẹ́ igi láìsí ẹni tó gbìn ín, ó ní ibi tí ìbátan nǹkan bá ti ń ṣe dáadáa ni kéèyàn mú un lọ. Àmọ́ kì í ṣe abẹ́ òjìji páìnì gan-an. Oòrùn gbọ́dọ̀ máa pa á fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Ó fi gìgísẹ̀ fa ilà sílẹ̀ ní ibi mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìyá rẹ̀ á ṣì máa rí i láti fèrèsé yàrá ìdáná, ló wí. Ibẹ̀ ni Corinne ti mọ̀ pé ó ti wo gbogbo ọ̀rọ̀ náà yíká kó tó ṣí géètì.

Ó ní kó má gbẹ́ ihò jìn. Gbòǹgbò búlúbẹ́rì kì í wá ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tàn sí.

"Kó má kọjá ibi ojúgun ẹ," ló wí. "Fífẹ̀ ni kó o mú un fẹ̀. Kó fẹ̀ tó táyà ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán ló yí ojú sí igbó. Corinne ri ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, ó ń gbẹ́. Ẹ̀yìn ihò kejì ni Alvah tó tún sọ̀rọ̀.

Ó lọ gbé àpò ilẹ̀ dúdú kan wá láti ilé rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà nínú irà tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Ó ní kí wọ́n rin ín lómi kó tó wọlẹ̀, torí tó bá wọlẹ̀ ní gbígbẹ, omi tó yẹ kí igi mu ló máa mu. Wọ́n pò ó mọ́ yanrìn inú ihò, ìdajì sí ìdajì. Wọ́n ri gbòǹgbò sínú garawa omi, ó sì kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fi ìka tú gbòǹgbò tó ti lọ́ mọ́ ara wọn nínú ìkòkò, kó lè mọ ọ̀nà jáde. Kí igi má rì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n má fẹsẹ̀ kì í. Ó wo pátákó kékeré tó wà lọ́rùn igi náà, ó ní Ọlọ́run yọ ọ́ pé oríṣi méjì ló rà, torí oríṣi kan ṣoṣo kì í so dáadáa; oyin gbọ́dọ̀ máa bá wọn gbé àtíkè òdòdó láti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì. Ó ń gbin igi oríṣi kan, á fi ti oríṣi kejì tẹ̀ lé e. Níkẹyìn wọ́n kó ewé páìnì gbígbẹ àti èérún pákó bo ìdí wọn, ó nípọn tó ìka mẹ́rin.

Ó sọ fún un pé àkókò nìkan ló bá a mu nínú gbogbo ohun tó ṣe, èèṣì sì ni ìyẹn náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lẹ́yìn yìnyín, kí ewé tó là, ni wọ́n ń gbìn ín. Ó wá sọ ọ̀kan tó kù:

"Lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, má jẹ́ kó so. Gbogbo òdòdó tó bá yọ, já a dànù. Bí ọmọdé igi bá ti ń so, gbòǹgbò ẹ̀ ò ní múlẹ̀."

Ó kó fọ́ọ̀kì rẹ̀ sínú bárò, ó sì lọ.

Corinne rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Alvah tún wọlé, ó wo ìdí igi, ó fi ìka wo bí ilẹ̀ ṣe rin tó. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í jókòó, kì í mu kọfí wọn, kì í pe Corinne lórúkọ. Ọ̀rọ̀ igi ni, kò sí òmíràn. Ìgbà kan, ní oṣù karùn-ún, tí wọ́n ń já òdòdó ọdún àkọ́kọ́, Corinne ṣọkàn gírí, ó ní, "Mísítà Headley, lórí ọ̀rọ̀ Ruthanne, mo fẹ́—" Kò tíì dé àárín ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti yí ẹ̀yìn padà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi yọjú. Látìgbà náà Corinne gbé ẹnu dákẹ́.

Verna ní kó má tan ara rẹ̀ jẹ. Kì í ṣe torí rẹ̀ ni Alvah fi ń bọ̀, ó ní ilé ara rẹ̀ ló ń sá fún. Ó ní ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ni pé àtọjọ́ ìsìnkú, Alvah kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kò sì jẹ́ kí Idella dárúkọ rẹ̀ lójú òun. Idella a máa lọ jókòó nínú yàrá ọmọ náà nìkan, á ti ilẹ̀kùn. Ọkọ a wà nínú gárééjì. Ọdún karùn-ún rèé.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú lọ́dún náà. Corinne á gun kẹ̀kẹ́ dé láti yàrá ìfọṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ro ó, á sì gbé garawa omi méjìlá lọ sẹ́yìnkùlé. Igi náà kò kú. Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé, ewé wọn pupa fòò, Verna sì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé yàrá ìdáná. Alvah gbé wáyà wá, ó fi ṣe ọgbà yí wọn ká, nítorí àgbọ̀nrín a máa jẹ ẹ̀ka wọn nígbà òtútù. Ó ń kàn án, Corinne ń bá a di òpó mú. Èèyàn tó bá kọjá lójú ọ̀nà á rò pé bàbá àti ọmọ ni.

Ìrúwé ọdún kejì ni wọ́n tún ń já òdòdó. Òdòdó náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó funfun lórí ẹ̀ka, ó ṣe Corinne láàánú, àmọ́ ó ń já a. Alvah wà lápá ọ̀hún igi kan náà, ẹ̀ka ló wà láàárín ojú wọn. Kò gbójú sókè tó fi bi í léèrè.

"Lọ́jọ́ yẹn nínú ọkọ̀, ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Ọwọ́ Corinne dúró. Ní kóòtù, ó ti sọ pé Ruthanne ń sùn, pé kò mọ nǹkan kan. Lọ́yà rẹ̀ ló ní kó wí bẹ́ẹ̀. Ó ní á dára fún un, á sì dára fún àwọn òbí ọmọ náà pẹ̀lú. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó ti di ibùsùn tí ọkùnrin yìí ń sùn lé. Corinne mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè tún un pa. Ó la ẹnu láti tún un pa.

"Kò sùn," ló wí. "Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n dúró. Àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń sunkún. Mo ní kí ló ń ṣe é bí ọmọdé, mo tún wá tẹná mọ́ ọkọ̀."

Alvah ń já òdòdó lọ. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ilé epo tó wà ní oríta la fẹ́ dé. Tẹlifóònù wà lára ògiri ibẹ̀. Ó ní kí n já òun sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun á pè yín, pé ẹ ó wá gbé òun."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà kò gbá a létí, kò ṣubú. Ó já òdòdó igi yẹn tán, ó bọ́ sí òmíràn, ó já ìyẹn náà, títí ó fi dé ìparí, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó wá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Mo wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn," ló wí. "Ìdí tẹlifóònù ni mo jókòó sí. Mo ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò."

Ó ṣí géètì, ó tì í padà, ó sì lọ. Kò wá mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ náà, Idella ló ń lọ síbi àpótí lẹ́tà, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà, á wo iwájú gan-an bí ẹni tí wọ́n de lọ́rùn.

Corinne ń bá iṣẹ́ náà lọ bí Alvah ṣe kọ́ ọ. Ó ń bomi rin ín, ó ń kó ewé páìnì tuntun sídìí rẹ̀. Nígbà míì ó máa ń gbọ́ ìró bárò lójú ọ̀nà, á gbé orí sókè, kì í ṣe Alvah. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ẹnì kan ní yàrá ìfọṣọ sọ fún un pé Alvah Headley ti kú. Ọkàn ló daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. Verna lọ síbi ìsìnkú nìkan, nínú kóòtù dúdú tí Corinne bá a di bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àga láìbọ́ kóòtù náà. Ó ní kò sẹ́ni tó kí òun. Ó ní wọ́n ń sọ lẹ́yìn òun pé méjì ni Corinne ti pa nílé yẹn báyìí.

Corinne ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ òdòdó fún un. Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́.

"Ò bá ti fi irọ́ yẹn sílẹ̀ fún un," ló wí.

Corinne ń rò ó láràárọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bóyá òótọ́ ni. Òun kò mọ̀. Ká ní òun tún un pa ni, ó ń rò pé ọkùnrin náà ì bá ṣì wà láàyè. Bó bá tún rò ó síwájú, á rí ojú Ruthanne tó di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, á sì mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ pé ó di í mú.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta ni wọ́n jẹ́ kí igi náà so. Corinne fi àwọ̀n bò ó torí ẹyẹ. Èso náà kọ́kọ́ wà ní tútù, ó wá ṣú bí aró, ó pọ̀ débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀ wálẹ̀. Ó ká abọ́ kan fún ìyá rẹ̀. Verna jẹ ẹ́ lójú fèrèsé, ó fi ìka tó ká náà gbá a jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ó dùn. Corinne alára kò fi ọ̀kan kan ẹnu.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù keje, gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, géètì dún. Idella Headley ló dúró níbẹ̀, garawa lọ́wọ́. Ó ti rù, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Kò kí Corinne. Ó bi í pé èwo lọkọ òun gbìn nínú wọn. Corinne ní ọkọ rẹ̀ ló gbin gbogbo rẹ̀, òun kàn gbẹ́ ihò ni. Idella ní kó ká àwọ̀n sókè.

Corinne di àwọ̀n mú, obìnrin náà ń ká. Ó ń ká èyí tó pọ́n, ó sì ń ká èyí tí kò pọ́n, ó ń fà á ya láti orí ẹ̀ka. Nígbà tó dé igi kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò wo Corinne.

"Ọjọ́ tó o sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, ó wọlé wá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Ruthanne lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò wọ yàrá yẹn rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó sunkún. Ó wá ń dárúkọ ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn fún mi kó tó kú, láràárọ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, nígbà tí eyín rẹ̀ yọ, gbogbo ẹ̀. Mo gba ọkọ mi padà fún oṣù mẹ́jọ." Ó ju ẹ̀kúnwọ́ èso tútù sínú garawa. "Mo kórìíra ẹ, Corinne. Mo fẹ́ kó o mọ méjèèjì."

Corinne ní òun gbọ́, mà.

Nígbà tí garawa kún, igi mẹ́rin ti wà ní ìhòhò. Idella nu ojú pẹ̀lú apá aṣọ rẹ̀. Ó ní òun ti ta ilé, òun ń lọ bá àbúrò òun ní Delaware, òun ò sì ní padà wá. Ó rìn dé géètì, ó dúró. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ tó kù náà wúwo fún un ju garawa ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ó rán mi níṣẹ́ sí ẹ. Ọ̀sẹ̀ tó máa kú ló rán mi, mi ò sì jẹ́ ẹ. Mo ní kó gbẹ síbẹ̀." Ó wo igi náà. "Ó ní tó bá ti so ọdún kan, kó o máa gé ẹ̀ka tó bá ti gbó kúrò, láti ìdí. Ìgbà òtútù ni kó o gé e, ní oṣù kejì, nígbà tí igi bá ń sùn. Kì í ṣe ìgbà ìwọ́wé. Ó ní o máa fẹ́ gé e ní ìgbà ìwọ́wé torí o ò ní sùúrù."

Corinne fẹ́ dúpẹ́. Idella gbé ọwọ́ sókè dá a dúró, ó ní bí wọ́n bá pàdé níbikíbi, kó má kí òun. Ó gbé garawa rẹ̀, ó sì lọ. Kí oṣù kẹsàn-án tó pé, ọkọ̀ ńlá ti kó ẹrù ilé náà lọ, àwọn tọkọtaya kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò sì ti kó wọ ibẹ̀.

Ní oṣù kejì, Corinne mú ìgégi tuntun tó rà lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì sínú yìnyín. Ó gé ẹ̀ka tó ti gbẹ, ìyẹn rọrùn, ó gé èyí tó ń gún ara wọn. Ó wá dé ìdí ọ̀kan tó nípọn, tí èèpo rẹ̀ rí bí èyí tó ti gbó, àmọ́ tí ìrúdí òdòdó ọdún náà ti ń yọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ bóyá irú èyí ni Alvah ní lọ́kàn. Ó gbójú wo ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè bi. Ó dúró síbẹ̀ títí òtútù fi wọ̀ ọ́ ní ìka ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gé e.